Ọ̀pẹ Kan Tó Kù Lẹ́yìnkùlé Wa

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Ìgàndò lẹ́yìn tí ọ̀dà ti dé ojú títì, ẹ máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ pé ìró ẹmu ló ń jí àdúgbò yìí láàárọ̀. Ẹ rò pé àwàdà àgbà ni. Kì í ṣe àwàdà. Kí kẹ̀kẹ́ àti ẹ̀rọ amúnáwá tó gba etí wa, igbà là ń gbọ́, okùn tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Á máa lu ara igi, gbà, gbà, gbà, bó ṣe ń gòkè. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á dákẹ́, nítorí ó ti dé òkè, ó ń tú akèrègbè tó so síbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ náà ni oyin. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ bí oyin ṣe ń bínú nígbà tí a bá gba ẹmu kúrò lẹ́nu wọn, kò tíì gbọ́ ìjà rí.

Ẹ̀yin náà lẹ mú mi jókòó ti ìwé. Lọ́jọ́ tí a ṣe ìrántí ìyàwó mi, tí mo fi omi inú ọ̀rá àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣe yín lálejò, mo gbọ́ tí ẹnìkan nínú yín ń sọ fún èkejì pé ahun ni bàbá yìí, pé ọ̀pẹ wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, síbẹ̀ kò lè fún èèyàn ní ẹmu ìyá náà mu. Mi ò bínú. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ ló ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè. Àmọ́ èsì rẹ̀ gùn, kò ṣeé sọ lórí ìdúró, pàápàá lójú àwọn àna mi.

Èkìtì ni mo ti wá. Tíṣà ni mí, iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi dé ìhà ibí nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Láti Ìkòtún wá síbí nígbà náà, ọ̀pẹ àti àbàtà ló pọ̀, ilé ni kò tó nǹkan. Bí òjò bá rọ̀, a ó bọ́ bàtà sọ́wọ́, a ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, bẹ́ẹ̀ la ó sì ṣe dé iwájú àwọn ọmọ ilé ìwé tí àwọn náà gbé bàtà sọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan, ọ̀gá wa ní àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ láti orílé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, ó ní kí n lọ wá ẹmu tó dára. Wọ́n júwe ilé adẹ́mu kan fún mi ní Ẹgàn. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni mo bá nílé, Àṣàkẹ́, ó ń fi asẹ́ sẹ́ ẹmu sínú ìkòkò.

Nítorí pé àlejò pàtàkì ni mo fẹ́ fi ẹmu náà ṣe, mo ní kó bá mi bu ṣúgà díẹ̀ sí i. Kò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

“Tíṣà,” ó ní, “ṣé ẹ máa ń bu ṣúgà sí omi òjò náà ni?”

Mo ra ẹmu náà bó ṣe wà. Àwọn alábẹ̀wò mu ún, wọ́n yìn ín, wọ́n sì gbàgbé láti yẹ ìwé ìkọ́ni wa wò. Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ sí Ẹgàn. Kò sí àlejò kankan tó ń bọ̀.

Nígbà tí a fẹ́ ara wa, bàbá rẹ̀ fún wa ní ilẹ̀ tí a kọ́lé sí. Ọ̀pẹ mẹ́fà wà lẹ́yìn ilẹ̀ náà, bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ló ti ń dá wọn. Wọ́n ti gùn débi pé bí èèyàn bá gbójú sókè wo orí wọn, fìlà rẹ̀ á já bọ́. Bàbá náà ní ilé tí mo bá kọ́ jẹ́ tèmi, àmọ́ àwọn ọ̀pẹ náà jẹ́ ti ọmọ òun. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lásán ni.

Obìnrin kì í gun ọ̀pẹ nínú ìdílé wọn. Làmídì, àbúrò Àṣàkẹ́, ló ń gùn ún fún un. Mùsùlùmí ni Làmídì, láti ìgbà tó ti kéwú parí ni kò ti fi ẹmu kan ẹnu. Á gun ọ̀pẹ, á dá a, á sọ akèrègbè kalẹ̀ pẹ̀lú okùn, á wẹ̀, á gba mọ́sálásí lọ. Àwọn oníbàárà kì í jẹ́ kó sinmi. Wọ́n á ní, “Làmídì, báwo lo ṣe mọ̀ pé ẹmu ni, kì í ṣe omi?” Á ní, “Ojú yín tó ti pọ́n láti àárọ̀ yẹn ló ń sọ fún mi.” Àṣàkẹ́ ló ń tọ́ ọ wò. Èyí tó bá ní kí a tà, a ó tà á. Èyí tó bá ní ó ti dàgbà jù, a ó yà á sọ́tọ̀ fún àwọn tó fẹ́ èyí tó kan.

Ẹ̀yin kò mọ̀ pé adẹ́mu kì í dédé gòkè. Balùwẹ̀ wa nígbà náà kò ní òrùlé, páànù tàbí imọ̀ ọ̀pẹ la fi ń yí i ká, ẹni tó bá sì wà lórí igi á rí gbogbo ilé bí ẹni wo inú igbá. Nítorí náà, kí Làmídì tó fi ẹsẹ̀ kan igi, á pariwo pé òun ń gòkè, kí ẹni tó bá ń wẹ̀ tètè fa aṣọ mọ́ra. Ìyá kan wà ní ìkejì ilé wa tí kì í yára. Á dá a lóhùn látinú balùwẹ̀ pé, “Làmídì, máa gòkè lọ jàre. Ohun tó o fẹ́ wò, ìyàwó ẹ ní i nílé.” Gbogbo àdúgbò á bú sẹ́rìn-ín, ojúmọ́ á sì mọ́ dáadáa.

Lónìí, ilé alájà mẹ́ta ló yí wa ká. Kí ó tó di pé Làmídì fi gígun ọ̀pẹ sílẹ̀, àwọn ayálégbé ló wá ń wò ó nísàlẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè wọn, wọ́n ń fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Ẹni tó ń wo gbogbo ayé látòkè tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí wọ́n ń wò bí ọ̀bọ. Ó máa ń sọ ọ́, á sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í pariwo mọ́ kó tó gòkè. Ta ló fẹ́ kìlọ̀ fún?

Ẹmu tí Àṣàkẹ́ ń tà kò ní àfikún kankan. Kò sí omi, kò sí ṣúgà, kò sí ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń rà nísinsìnyí láti mú un dùn. Ohun tí igi bá kán sílẹ̀ ni. Iṣẹ́ tó ṣe sí i kò ju kó yọ òkú oyin kúrò, kó sẹ́ ẹ, kó sì jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sinmi sísàlẹ̀. Ti àárọ̀ máa ń dùn, ti ìrọ̀lẹ́ máa ń le. Èyí tó bá sùn di ọjọ́ kejì, á sọ fún yín pé ó sùn. Télọ̀ kan wà, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń rìn wá láti Ìdímù nítorí ẹmu yìí. Ó ní nínú gbogbo Alímọ̀ṣọ́, ibi kan ṣoṣo tí wọn kì í ti í purọ́ ọjọ́ orí fún òun nìyẹn.

Èmi ni mo sábà máa ń ba nǹkan jẹ́. Ọ̀gá wa kan fẹ́ fẹ̀yìn tì, mo ní n óò gbé akèrègbè ẹmu kan lọ ṣe é ní ọ̀yàyà. Ewé ni Àṣàkẹ́ máa ń fi bo ẹnu akèrègbè. Ó ní ẹmu ń mí, kí a má fún un lọ́rùn. Èmi, nítorí pé mi ò fẹ́ kó dà sí mi láṣọ lójú ọ̀nà, mo gbá ṣùkù àgbàdo mọ́ ọn lẹ́nu. Àdúrà àárọ̀ la wà tí ariwo fi dún láti inú yàrá àwọn olùkọ́. Nígbà tí a débẹ̀, akèrègbè ti fọ́, ẹmu ti wẹ ìwé ìforúkọsílẹ̀, aago ara ògiri, àti kóòtù tí ọ̀gá náà fẹ́ wọ̀ ya fọ́tò ìdágbére. Odindi sáà kan ni yàrá náà fi ń rùn. Bí mo bá ti délé láti ibi iṣẹ́, Àṣàkẹ́ á ní, “Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé ẹmu ṣì ń kọ́ wọn níwèé?”

Ìgbà kan tún wà tí wọ́n ń ṣe Orò. Obìnrin kò gbọdọ̀ jáde, ó sì di dandan kí èmi sẹ́ ẹmu fún àwọn oníbàárà lójúde. Láti inú ilé ni Àṣàkẹ́ ti ń sọ ohun tí n óò ṣe fún mi. Mo ní mo ti mọ̀ ọ́n, kó fi mí sílẹ̀. Oyin kan tí kò tíì kú wà nínú ahá tí mo bù fún télọ̀, ó sì ta á ní ètè. Télọ̀ náà kò lè sọ̀rọ̀ geere títí ilẹ̀ fi ṣú. Àṣàkẹ́ rẹ́rìn-ín nínú yàrá títí ó fi sunkún. Mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín náà.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí kò fi ṣeré rárá. Ọ̀pẹ tó bá fún wa lẹ́mu lọ́dún yìí, ìsinmi ló kàn án lọ́dún tó ń bọ̀. Mẹ́ta á ṣiṣẹ́, mẹ́ta á sinmi. Àṣàkẹ́ á fa àlòkù ìró rẹ̀ ya, á so ó mọ́ ìdí èyí tó ń sinmi. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ gùn ún, ìbáà ṣe Kérésì, ìbáà ṣe ìdána. Ìjòyè kan wá nígbà kan, ó fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ fún ọkọ, ó sì fẹ́ ẹmu rẹpẹtẹ. Ó bẹ̀ ẹ́, ó halẹ̀ mọ́ ọn, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kí n bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin. Àṣàkẹ́ bi í pé, “Bàbá, ìyá tó bímọ láàárọ̀ yìí, ṣé ẹ̀ẹ́ ní kó tún rọbí lálẹ́?” Ìjòyè náà gba ohun tó rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé ohun kan síbí, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ dá lé. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń dá ẹmu lára ọ̀pẹ tó wà lóòró. Èyí tí a mọ̀ nílé wa ni kí adẹ́mu gé akọ òdòdó rẹ̀, kó fi ọparun kékeré kan sí ojú ibi tó gé, kí ẹmu máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú akèrègbè. Igi kì í kú nípa èyí, bí a bá ń jẹ́ kó sinmi. Ọ̀nà kejì ni kí adẹ́mu fi ọ̀bẹ gbẹ́ ọrùn igi fúnra rẹ̀, lábẹ́ màrìwò. Ìyẹn kì í kán, dídà ló ń dà. Àmọ́ ọ̀pẹ tí wọ́n bá gbẹ́ lọ́rùn, àfàìmọ̀ ni kò ní kú, pàápàá arúgbó ọ̀pẹ. Làmídì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí bàbá wọn fi hàn án kó lè mọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe.

Ọdún ń gorí ọdún, títì dé, àwọn onílẹ̀ ń ta ilẹ̀, wọ́n ń gé ọ̀pẹ. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi, nítorí àwa tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba láti Èkìtì àti Oǹdó wà nínú àwọn tó ń rà á. Mo mú ọ̀rẹ́ mẹ́rin wá síbí fúnra mi. Mo bá wọn dúró lórí ilẹ̀ náà, mo bá wọn tọ́ka sí ọ̀pẹ tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gé kí ìpìlẹ̀ lè jókòó. Wọ́n ní ọlá àbàtà ní ń mú odò ṣàn. A fi yẹ̀pẹ̀ dí àbàtà náà pa, a sì ń bèèrè lọ́dọọdún pé kí ló dé tí omi fi ń wọlé tọ̀ wá wá. Bó ti wù kó rí, mẹ́fà ti ẹ̀yìnkùlé wa kò yẹ̀. Àṣàkẹ́ kò jẹ́.

Àìsàn tó mú un lọ kò pẹ́. Mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Àwọn ẹbí rẹ̀ láti Ẹgàn ni wọ́n sọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ níbi ìsìnkú. Wọ́n ní a kì í fi ọtí inú ìgò sin ọmọ adẹ́mu. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wa gbọ́dọ̀ mu nínú ẹmu ọ̀pẹ tirẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú. Mo rò pé ọlá ńlá ni. Mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ lọ́dún náà, mẹ́ta ń sinmi, aṣọ ṣì wà nídìí wọn bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe so ó. Bí ọjọ́ ìsìnkú ti ń sún mọ́lé, ó hàn pé ti mẹ́ta kò lè tó ìdajì àwọn èèyàn tó ń bọ̀. Làmídì gba àárín àwọn olùkẹ́dùn wá bá mi lórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí mi létí.

“Ẹ̀gbọ́n, ti mẹ́ta yìí ò lè tó o. Ṣé kí n tú aṣọ àwọn tó kù?”

Mo ní kó tú u.

Ọjọ́ díẹ̀ sí i, ó tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀. Ó dúró síwájú mi.

“Kò tíì tó. Ó ku ọrùn nìkan.”

Àwọn èèyàn wà níbẹ̀, àna mi wà níbẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé wọn kò gbọdọ̀ wí pé ará Èkìtì gbẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ sin ọmọ wọn. Mo ní, “Ohun tó bá gbà ni kí o fún un, Làmídì. Àṣàkẹ́ mà ni.” Ó wò mí díẹ̀ sí i, bóyá ó ń dúró kí n yí i padà. Lẹ́yìn náà ó lọ pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀.

Márùn-ún ló gbẹ́ lọ́rùn. Ìkẹfà, ọ̀kan nínú mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dún náà, agbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sí orí rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, kò sí bó ṣe lè sún mọ́ ọn. Agbọ́n ló gba ọ̀pẹ yẹn là, kì í ṣe èmi.

Ẹmu pọ̀ níbi ìsìnkú náà. Wọ́n mu, wọ́n bù fún ara wọn gbé lọ sílé, wọ́n yìn mí. Olórí ẹbí wọn gbá mi mọ́ra, ó ní mo ṣe ju ọmọ bíbí inú ìlú lọ. Èmi kò mu ún. Mo gbé ahá dé ẹnu, mo sì gbé e fún ẹni tó jókòó tì mí.

Kò tó ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí imọ̀ àwọn ọ̀pẹ márùn-ún náà bẹ̀rẹ̀ sí í dorí kodò. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ló ṣáájú. Kòkòrò wọ ojú ọgbẹ́ wọn, bí èèyàn bá fetí lé ara igi, á máa gbọ́ wọn tí wọ́n ń jẹun. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni orí wọn ń wọ́ lulẹ̀, títí ẹ̀yìnkùlé wa fi dà bí ibi tí wọ́n ri òpó iná mọ́ tí wọn kò fa wáyà sí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tó máa wó sí. Èmi ni àgbà lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ ibi tó máa wó sí.

Nígbà tí ìrántí ọdún kan ń bọ̀, mo fa ọ̀kan nínú ìró Àṣàkẹ́ ya, mo so ó mọ́ ìdí èyí tó kù. Bùkọ́lá, àkọ́bí wa, dé láti Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ó rí aṣọ náà, ó sì pe Làmídì wá kí àwọn méjèèjì jùmọ̀ bá mi sọ ọ́. A jókòó sábẹ́ igi náà.

“Dádì,” Bùkọ́lá ní, “ìrántí Mọ́mì láìsí ẹmu Mọ́mì? Kí la wá ń rántí?”

“Mo ti fi ẹmu rántí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pẹ márùn-ún ló bá a lọ.”

“Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fọwọ́ kan ọrùn. Òdòdó nìkan ni. Ìwọ̀nba díẹ̀, kí kálukú fi kan ahọ́n.”

“Ọdún ìsinmi rẹ̀ nìyí.”

“Dádì, igi ni o.”

Làmídì na ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún síwájú, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra orúnkún. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n gùn ún. Orúnkún yìí ti ń bá mi jà. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, mi ò mọ̀ bóyá á ṣì gbà fún mi.”

Mo rò pé ó ń fi orúnkún bẹ̀ mí ni. Làmídì a máa ráhùn orúnkún láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, á sì tún gòkè bí ọ̀kẹ́rẹ́. Mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní gbà, pé tí mo bá tún tú aṣọ yìí, mi ò mọ ojú tí n óò fi wo àwòrán rẹ̀ lára ògiri. Bùkọ́lá dìde, ó wọlé. Làmídì ní kò burú. Bí ẹ ṣe wá mu omi inú ọ̀rá nìyẹn.

Mo rò pé mo ti san díẹ̀ lára ohun tí mo jẹ Àṣàkẹ́. Mo pa òfin rẹ̀ mọ́, wọ́n bú mi, mo gbà á. Ó tilẹ̀ dùn mọ́ mi díẹ̀ pé wọ́n bú mi.

Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e rọ̀ dáadáa. Ọ̀pẹ náà yọ akọ òdòdó tuntun, imọ̀ rẹ̀ tutù, oyin bẹ̀rẹ̀ sí í yí orí rẹ̀ ká. Mo tú aṣọ náà fúnra mi, mo ránṣẹ́ pe Làmídì. Ọ̀pá ló fi ń tilẹ̀ wá, igbà wà léjìká rẹ̀. Ó gbé igbà náà yí igi ká, ó so ó mọ́ ìdí ara rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ òsì, ó gbé ti ọ̀tún. Kò tíì kúrò nílẹ̀ ju bí àga ṣe ga lọ tí ẹsẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó dúró síbẹ̀, ó fi iwájú orí ti ara igi. Mo rò pé ó ń gbàdúrà. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀, ó tú igbà náà, ó sì ká a dáadáa bí ẹni tó fẹ́ lò ó lọ́la.

“Ẹ̀gbọ́n, ó ti kọ̀.”

Mo wá adẹ́mu kiri. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta ẹmu ní Ìkòtún sọ fún mi láìtijú pé àwọn kì í gun nǹkan kan, inú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ làwọn ti ń rà á. Ará Ègùn kan tó ń gun ọ̀pẹ ní Àkèsán tẹ̀ lé mi wálé. Ó wo gíga igi náà, ó wo ògiri aládùúgbò tí wọ́n to àfọ́kù ìgò sí lórí, ó wo wáyà iná tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ imọ̀. Ó ní kí n má bínú, òun ní ọmọ nílé. Mo sìn ín jáde.

Ó ṣẹ́ ku ọ̀nà kan, Làmídì ló sì sọ ọ́, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó wá kí mi lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, a gbé àga síta. Ó ní bí a bá gé ọ̀pẹ náà lulẹ̀, òun lè jókòó tì í, kí òun sì dá a níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Á kán fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó tán. A ó pe Bùkọ́lá, a ó pe télọ̀ bó bá ṣì wà láyé, a ó pe ẹ̀yin ọmọ àdúgbò. Gbogbo yín ẹ ó mọ ohun tí à ń sọ. Kò fi ipá sọ ọ́. Ó kàn gbé e sílẹ̀ fún mi.

Mo rò ó. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo rò ó gidigidi, nítorí bí n kò bá ṣe é, ẹmu náà ti parí nìyẹn, bí mo bá sì ṣe é, ọ̀pẹ ti parí. Mo ti pa márùn-ún kí àwọn èèyàn má bàa bú mi. Mo dá ọ̀kan sí, mo sì dá a sí di ọjọ́ tí apá ẹnikẹ́ni kò ká a mọ́. Òfin Àṣàkẹ́ tí mo rú, èmi ni mo rú u. Èyí tí mo pa mọ́, mo pa á mọ́ kí ọkàn èmi lè balẹ̀, mi ò sì wo ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú mi. Orúnkún Làmídì kò purọ́ fún mi. Èmi ni kò fẹ́ gbọ́.

Mo ní, “Jẹ́ kó wà, Làmídì.”

Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Inú rẹ̀ sì dùn, mo rí i.

Ẹnìkan ń pe ọmọ rẹ̀ lókè ilé alájà mẹ́ta pé kó wá tan iná. Lẹ́yìn náà Làmídì bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò mọ̀ pé ó ní lọ́kàn.

“Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ọdún tí mo fi ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ yìí, mi ò mọ̀ bó ṣe rí lẹ́nu. Àǹtí mi kò sì jẹ́ sọ fún mi, ó ní kí n má bàa ṣe ojúkòkòrò. Báwo ló ṣe máa ń rí gan-an?”

Mo sọ fún un. Mo ní ó máa ń kọ́kọ́ dùn bí ìrèké, lẹ́yìn náà á ta ahọ́n díẹ̀ bí àgbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n tán, bó bá sì ti ń lọ ní ọ̀fun, èèyàn á gbọ́ òórùn imọ̀ tútù nínú rẹ̀. Ó fetí sílẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Nígbà tí mo parí, ó mi orí, ó ní ó dáa, òun ti mọ̀ ọ́n wàyí. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, ó dìde, ó ń lọ sílé.

Mi ò sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo tún sọ, bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún oníbàárà tuntun tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò mọ̀ bóyá kó rà á. Ahọ́n tèmi ti gbàgbé.